*Oògùn Ní Ọ̀nà Àlọ, Kò Ní Ọ̀nà Àbọ̀: Ta Ló Yẹ Kó Gba Ẹ̀sípáyà Padà?*

Ọ̀rọ̀ ìlera tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, nítorí ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló wà nínú rẹ̀.

Gbogbo ìgbà la máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò àti lórí fóònù pé: "Kí ẹ tó ra oògùn, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀." Ìmọ̀ràn dáadáa ni, ẹ máa wò ó. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí wọn kì í bi wá. Oògùn tí ẹ wò, tí ẹ rí i pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, tí ẹ dá padà sórí káńtà, níbo ló ń lọ nígbà tí ẹ bá kúrò níbẹ̀? Ẹ̀yin kò rà á. Ẹni tó tẹ̀ lé yín ńkọ́? Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kà ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ lálẹ́ nígbà tí iná ò sí ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ mi lónìí ò ju ẹyọ kan lọ: àfi bí ẹni tó ṣe oògùn àti ẹni tó kó o wá bá ń gbà á padà nígbà tí ọjọ́ bá lọ lórí rẹ̀, oògùn ẹ̀sípáyà kò ní tán lórí àtẹ wa, bó ti wù kí a pariwo tó.

*Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé páálí oògùn kan*

Ilé-iṣẹ́ kan ṣe oògùn, tàbí wọ́n kó o wọlé gba Èkó. Olówò ńlá rà á, ó jèrè lórí rẹ̀, ó tà á fún dípò oògùn ní Ìbàdàn. Dípò Ìbàdàn náà jèrè tirẹ̀. Ọkọ̀ gbé e gba Mọ́níyà, ó gba Fìdítì àti Ìlọrà, ó já a sílẹ̀ ní fámásì kan l'Ọ̀yọ́. Èyí tó kù gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn bá ń padà sí Ìbàdàn, òfìfo ló ń bá lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfìfo yìí sọ́kàn, a máa padà dé orí rẹ̀.

Nísinsìnyí, ká ní oògùn wárápá ni. Dókítà kọ ọ́ fún aláìsàn méjì péré ní àdúgbò. Dípò kò ní ta káàdì kan ṣoṣo fún oní-fámásì, odindi páálí ni wọ́n ń tà. Ó rà á nítorí àwọn aláìsàn méjì yẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ọ̀kan kó lọ sí Ìlọrin, dókítà sì yí oògùn èkejì padà. Páálí jókòó sórí pẹpẹ títí ọjọ́ fi lọ lórí rẹ̀. Oní-fámásì pe dípò, wọ́n ní kó wo ríìsíìtì rẹ̀: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.

Òótọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó máa ń gba oògùn padà bí wọ́n bá tètè sọ fún wọn ní oṣù mélòó kan kí ọjọ́ tó pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà lọ́wọ́ wọn tààrà ni wọ́n mọ̀. Ẹni tó rà á ní ọwọ́ kẹta tàbí ọwọ́ kẹrin, bíi púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò kéékèèké ìlú wa, wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ó dá nìkan wà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin ló kù fún un. Èkínní, kó gba àdánù, kó kó oògùn náà fún NAFDAC láti bà á jẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀wé, kó ka orúkọ oògùn, iye rẹ̀, nọ́ńbà batch rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì san owó, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó bà á jẹ́ lójú ara wọn, kí wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ìlànà tó dára ni fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹni tí ẹ̀sípáyà rẹ̀ ò kún àpò ike kan, ṣé yóò ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìbàdàn nítorí rẹ̀? Èkejì, kó tà á lówó pọ́ọ́kú, kó ní "kò sóhun tó ṣe é." Ẹ̀kẹta, kó fún àwọn tó ń kiri oògùn nínú ọkọ̀ àti nínú ọjà oko, tàbí àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọjọ́ rẹ́ kí wọ́n sì tẹ òmíràn lé e. Ẹ̀kẹrin, kó dà á sí gọ́tà tàbí ààtàn, kí ẹlòmíràn wá ṣà á.

Nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan ṣoṣo ló tọ́, òun ló sì gbówó lórí jù. Ètò tó bá jẹ́ pé olóòótọ́ ló ń pàdánù, tí ẹlẹ́tàn sì ń rówó, ẹ má retí pé olóòótọ́ yóò pọ̀ níbẹ̀.

*Àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀*

Àwọn àgbà wa ló pa òwe yẹn, ó sì bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ní àlọ, ẹ̀bi ẹni tó ta ẹ̀sípáyà ni, mi ò gbèjà rẹ̀. Òfin Nàìjíríà tó dojú kọ ayédèrú oògùn dárúkọ oògùn tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó kà léèwọ̀. Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi lè san owó ìtanràn tó tó ₦500,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún 5 sí 15, tàbí kí wọ́n fi méjèèjì jẹ ẹ́ níyà. Ẹ̀wọ̀n kékeré kọ́ nìyẹn.

Ní àbọ̀, ẹ̀bi ta ni? Òfin yẹn sọ ìyà tó tọ́ sí ẹni tó tà á, kò sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ gbà á padà. Ó di ẹnu ìsà kan, ó fi èkejì sílẹ̀. Láti ìgbà tí Dora Akunyili ti gba ipò olórí NAFDAC ní 2001 la ti ń rí i tí wọ́n ń dáná sun òkìtì oògùn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, lábẹ́ Mojisola Adeyeye, wọ́n ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà l'Ékòó, ti Onitsha àti ti Aba pa, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ẹrù jáde níbẹ̀, ẹ̀sípáyà sì wà lára ohun tí wọ́n bá. Wọ́n gbìyànjú, a kí wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ọjà ṣí padà, ètò tó ń mú ẹ̀sípáyà jọ kò sì yí padà. Ẹni tó ń nu omi nílẹ̀ tí kò ti ẹ̀rọ omi pa, ọjọ́ wo ni ilẹ̀ rẹ̀ yóò gbẹ?

*Ṣé májèlé ni gbogbo ẹ̀sípáyà?*

Mi ò ní fi irọ́ dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ bùrọ́díkáàsìtì máa ń sọ pé oògùn di májèlé ní ọjọ́ kejì tí ọjọ́ rẹ̀ pé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó wà lára páálí jẹ́ ìlérí ilé-iṣẹ́ pé, bí ẹ bá tọ́jú oògùn yìí bí a ti wí, agbára rẹ̀ yóò pé títí di ọjọ́ yìí. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ní ètò kan láti 1986 tí wọ́n fi ń yẹ oògùn àwọn ọmọ ogun wò. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 fi hàn pé, nínú 3,005 batch oògùn oríṣi 122, ìdá 88 nínú 100 ló ṣì dára fún ó kéré tán ọdún kan sí i.

Àwọn tó ń ta ẹ̀sípáyà fẹ́ràn láti máa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé inú ike tí wọn ò tíì ṣí, nínú yàrá tútù tí wọ́n ń ṣọ́, ni oògùn àwọn ọmọ ogun yẹn wà, àti pé wọ́n kọ́kọ́ yẹ batch kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó fi ọjọ́ kún un. Ta ló yẹ tiwa wò? "Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò gbóná ju 30°C lọ" ló wà lára ọ̀pọ̀ páálí. Ẹ̀yin ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi páànù bò l'Ákẹ̀sán tàbí ní Tákíè lọ́sàn-án oṣù kẹta, nígbà tí iná ò sí, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá 30 ló wà níbẹ̀. Láàárín wa, oògùn mìíràn ti rẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé rárá.

Oògùn tó rẹ̀ kò ní láti di májèlé kó tó pani. Oògùn wárápá tó rẹ̀, gìrì ni yóò gbé wá lójú títì. Ínsúlínì tó rẹ̀ yóò jẹ́ kí ṣúgà gòkè lára alátọ̀gbẹ tó rò pé òun ti gba abẹ́rẹ́. Oògùn tó ń pa kòkòrò, bó bá rẹ̀, yóò pa èyí tó lẹ nínú kòkòrò, yóò sì fi èyí tó le sílẹ̀ láti máa bí sí i. Àwọn kan sì wà tó ti ṣe bíi májèlé lóòótọ́: ní 1963, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn tí tetracycline tó ti bàjẹ́ ba kíndìnrín wọn jẹ́.

*Ọ̀fọ̀ kejì tí a kì í rí*

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù nìyí. Oní-fámásì tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tí kò ní ta ẹ̀sípáyà, kí ni yóò ṣe lẹ́yìn tó bá ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì? Kò ní ra irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Párásítámọ̀, oògùn ibà àti fítámì tó ń tà kíákíá ni yóò máa kó. Ẹni tó bá wá béèrè oògùn wárápá, oògùn ojú tàbí oògùn ọkàn tí dókítà kọ, wọn yóò sọ fún un pé, "Ẹ lọ wò ó ní Ìbàdàn." Bí oògùn bá wọ́n l'Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe owó rẹ̀ nìkan ló ń fà á, àìsí ọ̀nà àbọ̀ wà níbẹ̀. Owó ọkọ̀ tí bàbá arúgbó ń san lọ sí Ìbàdàn nítorí oògùn oṣù kan, ara ìyà tí ètò yìí ń fi jẹ wá ni.

*Ohun tí wọ́n máa sọ*

Àwọn olówò ńlá yóò ní, "Òun ló rà ju bó ṣe yẹ lọ, kó fara mọ́ ọn." Ta ló ń ta odindi páálí fún ẹni tó nílò káàdì mẹ́ta? Ta ló ń ta oògùn tó ku oṣù mẹ́rin fún ará ìlú kékeré, tí ó ní òun dín owó kù fún un? Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀dínwó, ẹrù ni wọ́n gbé rù ú.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlòmíràn rí. Nígbà ogun Bosnia, láàárín 1992 sí 1996, àwọn olùwádìí fojú díwọ̀n rẹ̀ pé oògùn tó tó 17,000 tọ́ọ̀nù tí kò wúlò ni wọ́n kó lọ síbẹ̀ lórúkọ ìrànlọ́wọ́, ẹ̀sípáyà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó kó o lọ bọ́ lọ́wọ́ owó tí wọn ì bá fi bà á jẹ́ nílé, ó kù sọ́rùn ẹni tí ogun ń jà. Àjọ WHO ní láti gbé ìlànà jáde ní 1996 pé oògùn ìrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ku ó kéré tán ọdún kan kó tó dé.

Ó dé ọ̀dọ̀ ìjọba tiwa náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ní ààtàn Gosa l'Ábújá, ìjọba àpapọ̀ ba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà 1,066,214 jẹ́ ní gbangba, nítorí ọjọ́ ti lọ lórí wọn. Ìgbà tí wọ́n dé, ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún wọn. Ìjọba ní àwọn ò ní gba irú rẹ̀ mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba bá lè kọ oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ pé, kí ló dé tí oní-fámásì Ògbómọ̀ṣọ́ ò lè kọ ọ́?

Wọn yóò tún ní, "Bí a bá ń gba oògùn padà, àwọn jàǹdùkú yóò kó ayédèrú wá gba owó." Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, ó sì ní ìdáhùn. Kí dípò kọ nọ́ńbà batch sórí ríìsíìtì nígbà tí wọ́n bá ń tà. Nọ́ńbà tí wọn ò tà, kí wọ́n má gbà á. Èyí tí wọ́n bá gbà, kí wọ́n fi ìńkì pupa fà á kọjá lójú ẹni tó mú un wá, kó má lè padà sórí àtẹ láéláé.

Wọn yóò ní owó dà? Ní ilẹ̀ Faransé, láti 1993 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Cyclamed ti wà. Owó kékeré lórí páálí kọ̀ọ̀kan ni àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ń dá síbẹ̀, fámásì ń gba oògùn tí aráàlú ò lò mọ́, ọkọ̀ tó sì ń já oògùn tuntun sílẹ̀ ló ń kó ti àtijọ́ padà. Láti 2007, òfin ti sọ ọ́ di dandan fún fámásì láti gbà á. Ṣé ẹ rántí ọkọ̀ òfìfo tó ń padà sí Ìbàdàn? Ọkọ̀ wà. Ọ̀nà wà. Ẹni tó máa pàṣẹ ni kò sí.

*Ohun tí a ń béèrè*

1. Kí NAFDAC àti Àjọ Tó Ń Mójú Tó Iṣẹ́ Apòògùn, ìyẹn PCN, sọ ọ́ di dandan pé ilé-iṣẹ́ tàbí ẹni tó kó oògùn wọlé ni yóò gbà á padà, tí yóò sì san owó bíbà á jẹ́. Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n.

2. Kí dípò kankan má ta oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́fà lọ fún alágbàtà, àfi bó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò gbà á padà.

3. Ẹni tó bá dá ẹ̀sípáyà padà pẹ̀lú ríìsíìtì, kí wọ́n yọ apá kan owó rẹ̀ kúrò lórí ọjà tó máa rà tẹ̀ lé e. Bí owó bá wà nínú òtítọ́, òtítọ́ yóò pọ̀.

4. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣètò ibi ìkójọ kan l'Ọ̀yọ́ àti ọ̀kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọkọ̀ yóò máa kó o lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Bowen àti ti LAUTECH, Ọ̀yọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Àwọn apòògùn tó mọ iṣẹ́ wà níbẹ̀.

5. Kí wọ́n má sun ún lórí ààtàn mọ́. Ìwé tí WHO gbé jáde ní 1999 sọ pé iná kékeré lójú gbangba ń tú èéfín olóró sáfẹ́fẹ́, ó sì dárúkọ ààrò sìmẹ́ǹtì, tí ooru rẹ̀ ju 1,400°C lọ, gẹ́gẹ́ bí ibi tó dára láti sun ún. Irú ààrò bẹ́ẹ̀ wà ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kò jìnnà sí wa.

Ẹ̀yin oníkẹ́mísìtì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Òfin ò gbà yín láyè láti ta oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí èyí tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí, ẹ̀yin náà ni wọ́n ń gbé ẹrù lé lórí. Ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Ẹ pinnu pé dípò tí kò bá gba ẹ̀sípáyà padà, ẹ ò ní rajà níbẹ̀ mọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

*Kí ìwọ tó ń kà á ṣe?*

Nígbà tí o bá ra oògùn, wo ọjọ́ rẹ̀, kí o sì béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ń kó àwọn tó bá ti ẹ̀sípáyà sí?" Ibi tó dára yóò fi àpótí tó wà lọ́tọ̀ hàn ọ́, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kì í ṣe títà. Bí wọ́n bá ń wojú ara wọn, ìwọ náà ti mọ̀.

Oògùn tó wà nílé tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, má fún aládùúgbò, má sì jù ú sí ààtàn pẹ̀lú páálí rẹ̀. Kó o lọ sí fámásì ilé ìwòsàn, kí o béèrè bóyá wọ́n lè bá ọ gbà á. Bí wọn ò bá gbà á, bọ́ hóró oògùn kúrò nínú káàdì rẹ̀, pò ó mọ́ eérú tàbí iyẹ̀pẹ̀ tútù nínú ọ̀rá kí ẹnikẹ́ni má lè ṣà á lò, dì í pa, kí o tó kó o dànù. Ya páálí rẹ̀ wẹ́wẹ́, nítorí páálí tó dára ni àwọn ẹlẹ́tàn ń wá. Má da oògùn sí kànga tàbí odò.

Má sì sọ pé kò kàn ọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Páálí tí o dá padà sórí káńtà lánàá lè jẹ́ èyí tí wọ́n máa tà fún ìyá rẹ lọ́la.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí oní-fámásì yín, sí oníkẹ́mísìtì àdúgbò, sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, sí káńsẹ́lọ̀ tí ẹ dìbò fún. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: oògùn tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ ní ìlú wa, ta ló máa gbà á padà?

Ọlọ́run yóò fún wa ní àlàáfíà ara o. Àṣẹ.